Ìṣẹ́jú tí kì í dúró de kọ́kọ́rọ́

Ilé ìwòsàn kan lè ní àǹbú mẹ́ta, ìyẹn báàgì rọ́bà tí a fi ń fẹ́ atẹ́gùn sínú ẹ̀dọ̀fóró ọmọ tí kò mí, kí ọmọ tuntun sì kú níbẹ̀ nítorí pé kò sí àǹbú. Ọ̀kan wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù, ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ sì ti ṣíwọ́ lọ sílé. Èkejì wà lórí tábìlì, àmọ́ ìbòmú àgbàlagbà ló wà lẹ́nu rẹ̀. Ẹ̀kẹta mọ́ tónítóní, ṣùgbọ́n ẹni tó fọ̀ ọ́ kẹ́yìn kò dá awẹ́ rọ́bà kékeré inú fáàfù rẹ̀ padà, nítorí náà bí a tilẹ̀ ń fún un, atẹ́gùn kò ní í dé ọ̀dọ̀ ọmọ. Nínú ìwé ohun èlò, mẹ́ta ni wọ́n kọ. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn ìyá tó ń rọbí, òdo ni.

Ní ọdún 2022, nǹkan bíi mílíọ̀nù 2.3 ìkókó ló kú kí wọ́n tó pé ọjọ́ 28 láyé, gẹ́gẹ́ bí ìṣirò Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé. Ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì gbogbo ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún tó kú lọ́dún náà. Ọjọ́ ìbí gan-an ni ewu ti pọ̀ jù. Ohun mẹ́ta ló ń pa ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn: bíbí láìpé oṣù, àìrí èémí mí nígbà ìbí, àti àkóràn. A mọ ohun tí a ń ṣe sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, èyí tó sì pọ̀ nínú rẹ̀ kò gba ẹ̀rọ olówó gọbọi. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi gbà pé àìsí ohun èlò nìkan ni wàhálà ilé ìwòsàn tí kò lówó lọ́wọ́. Ohun tó wọ́n jù níbẹ̀ ni ìmúrasílẹ̀: kí ohun tó wà ṣiṣẹ́ ní ìṣẹ́jú tí a nílò rẹ̀, lọ́wọ́ ẹni tó wà nítòsí.

Èémí ló kọ́kọ́ yẹ ká sọ. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló ń ké fúnra wọn. Nínú ọmọ 100, nǹkan bíi 10 ló nílò ìrànwọ́ díẹ̀ kí wọ́n tó mí, nǹkan bíi 3 sí 6 ló sì nílò àǹbú. A kì í sábà mọ èyí tí yóò jẹ́ kó tó dé, nítorí náà gbogbo ìbí la gbọ́dọ̀ múra sílẹ̀ fún bí ẹni pé ọmọ náà kò ní í ké.

Nínu ọmọ gbẹ ni iṣẹ́ àkọ́kọ́. Aṣọ gbígbẹ méjì ni a ń lò: a ó fi ọ̀kan nù ún láti orí dé ẹsẹ̀, a ó gbé e kúrò torí ó ti tutù, a ó sì fi èkejì bò ó. Nínu náà ti ń jí èémí fúnra rẹ̀. Bí kò bá tíì mí, a ó fi ọwọ́ ra á lẹ́yìn lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta. A kì í dì í lẹ́sẹ̀ mú sórí kodò, a kì í gbá a nídìí, a kì í wọ́n omi tútù sí i lára. Gbogbo ìyẹn ń jẹ àkókò, ó ń mú ọmọ tutù, ó sì lè ṣe é léṣe. Fífa kẹ̀lẹ̀bẹ̀ lẹ́nu náà ti di àṣà tí ọ̀pọ̀ ń ṣe láìnídìí. Bí nǹkan kò bá dí ẹnu tàbí imú, ẹ má fà á. Rọ́bà tí a tì jù lọ́fun lè mú kí ọkàn ọmọ rọlẹ̀, kí ìwọ̀nba èémí tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sì dúró.

Bí ọmọ bá ti ké, a ń dúró ìṣẹ́jú 1 sí 3 kí a tó gé ìwọ́ rẹ̀, torí ẹ̀jẹ̀ ṣì ń bọ̀ sí i lára láti inú ibi ọmọ. Bí kò bá mí, a ó gé e kíá, àǹbú sì gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ kí ìṣẹ́jú kan tó pé látìgbà tí wọ́n bí i. Ẹ̀kọ́ Helping Babies Breathe, tí American Academy of Pediatrics gbé jáde ní 2010, dá lórí ìṣẹ́jú kan yìí gan-an. Ẹ wá wo yàrá ìbímọ tí tábìlì ìtọ́jú ọmọ wà ní yàrá kejì. Rírìn débẹ̀ nìkan ti jẹ lára ìṣẹ́jú náà, kí a tó wá ìbòmú.

Báàgì ọmọ tuntun kì í ju 250 sí 500 mililítà lọ. Ti àgbàlagbà ju lítà kan lọ, ẹni tó bá sì fún un tán sínú ìkókó lè bẹ́ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Ìbòmú nọ́ńbà 1 ni ti ọmọ tó pé oṣù, nọ́ńbà 0 ni ti èyí tó kéré. Ó gbọ́dọ̀ bo ṣóńṣó àgbọ̀n, ẹnu àti imú, kó má gun ojú. Orí ọmọ yóò gbé sókè díẹ̀ bí ẹni tó ń gbóòórùn nǹkan. Bí àgbọ̀n bá tẹ̀ mọ́ àyà, ọ̀nà èémí ti di; bí orí bá sì yí sẹ́yìn jù, ó ti di náà ni. Aṣọ tí a ká pẹlẹbẹ sábẹ́ èjìká ń ràn wá lọ́wọ́. Nǹkan bí ìgbà 40 ni a ń fún báàgì ní ìṣẹ́jú kan. Atẹ́gùn inú yàrá tó fún ọmọ tó pé oṣù, ẹ má dúró de ọ́síjìn.

Níbí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe: wọ́n ń wo báàgì dípò àyà. Ọwọ́ ń fún un, ó ń lọ, ó ń bọ̀, ojú ẹni tó mú un sì balẹ̀, bẹ́ẹ̀ àyà ọmọ kò gbéra rárá. Àyà ni ẹlẹ́rìí. Bí kò bá gbéra, ìbòmú ni ká kọ́kọ́ fura sí, pé atẹ́gùn ń jò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. A ó tún un tẹ̀ mọ́ ojú. Lẹ́yìn náà, a ó tún orí gbé dáadáa. Bí kò bá ṣì gbéra, a ó wo ẹnu àti imú bóyá nǹkan dí i, a ó nù ún, a ó sì la ẹnu ọmọ díẹ̀ lábẹ́ ìbòmú. Ìgbẹ̀yìn ni a ń fún báàgì le sí i. Ẹni tó bá fi fífún un le bẹ̀rẹ̀ ń ti atẹ́gùn sínú ikùn ọmọ, ikùn tó wú yóò sì tún tẹ ẹ̀dọ̀fóró. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan tí àyà ti ń gbéra dáadáa, a ó gbọ́ ọkàn. Bí ó bá dín ní 100 ní ìṣẹ́jú kan, iṣẹ́ kò tíì parí. Bí a kò bá gbọ́ ọkàn rárá fún odindi ìṣẹ́jú 10 tí a ti ń fẹ́ atẹ́gùn sí i bó ti yẹ, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ká dáwọ́ dúró.

Ìdánwò àǹbú kò gba ìṣẹ́jú kan, kí gbogbo ìbí tó bẹ̀rẹ̀ ló sì yẹ ká ṣe é. Ẹ tẹ ìbòmú mọ́ àtẹ́lẹwọ́, kí ẹ fún báàgì: ọwọ́ yóò mọ̀ pé atẹ́gùn ń tì í padà. Ẹ fún un le sí i: fáàfù tó ń dín agbára atẹ́gùn kù yóò ṣí, ẹ óò gbọ́ ìró rẹ̀. Ẹ tú ọwọ́ sílẹ̀: báàgì yóò wú padà kíákíá. Bí ó bá rọ̀ nílẹ̀ láìsí ìdènà, awẹ́ rọ́bà inú fáàfù ti sọnù tàbí wọ́n dojú rẹ̀ kọ ibi tí kò yẹ. Inú bàsíà tí wọ́n ti ń fọ̀ ọ́ ló sábà máa ń sọnù sí. Mo fẹ́ kí wọ́n so àǹbú kan, tó ti yege ìdánwò yìí, mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn ìbímọ kọ̀ọ̀kan nínú ọ̀rá tó mọ́. Wọn á ní wọn á jí i. Bóyá ni. Èyí tó wà lábẹ́ àgádágodo kò ṣáà gba ẹnikẹ́ni là.

Ọ̀rọ̀ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kò kúrò nínú èyí. Ní ilé ìwòsàn mẹ́jọ ní Tàǹsáníà, ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2013 fi hàn pé lẹ́yìn tí wọ́n kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ní Helping Babies Breathe, ikú ọmọ láàárín wákàtí 24 fi ìdá 47 nínú 100 dínkù. Ìròyìn ayọ̀ ni. Àmọ́ ní ilé ìwòsàn mìíràn ní orílẹ̀-èdè náà, wọ́n rí i pé ẹ̀kọ́ ọjọ́ kan mú kí àwọn òṣìṣẹ́ mọ̀ ọ́n ṣe lára ọmọ rọ́bà, kò sì yí ohun tí wọ́n ń ṣe lára ọmọ gidi padà. Ìgbà tí wọ́n sọ ìdánrawò di ohun kúkúrú tí wọ́n ń ṣe léraléra nínú wọ́ọ̀dù gan-an ni nǹkan tó yí. Ọmọ rọ́bà kan ní igun wọ́ọ̀dù, ìṣẹ́jú márùn-ún ní ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ó sàn lójú mi ju ọjọ́ mẹ́ta ní òtẹ́ẹ̀lì pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí tí wọ́n gbé kọ́ ara ògiri.

Bí ọmọ bá ti ń mí, òtútù ló kàn. Ara ọmọ tuntun yẹ kó wà láàárín 36.5 àti 37.5 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Yàrá tó tu àgbàlagbà lára ti tutù jù fún ìkókó tí ara rẹ̀ ṣì rin. Kí yàrá ìbímọ gbóná tó 25, kí ẹ pa fáànù, kí ẹ ti fèrèsé. Ẹ dé fìlà sí i lórí. Ìwẹ̀ lè dúró di ọjọ́ kejì, lẹ́yìn wákàtí 24. Ohun kan wà tí àwọn tó ń ra nǹkan fún ilé ìwòsàn kì í fiyè sí: ọ̀pọ̀ tẹmómítà ni kì í kà ju 35 lọ sísàlẹ̀. Ọmọ tí ara rẹ̀ ti wà ní 33 yóò hàn bí 35, nọ́ọ̀sì yóò sì rò pé òtútù díẹ̀ ló mú un. Wọ́ọ̀dù ọmọ tuntun gbọ́dọ̀ ní èyí tó ń ka ìsàlẹ̀ 35.

Bí wọ́n bá sọ̀rọ̀ òtútù, ínkúbétọ̀, àpótí oníná tó ń mú ọmọ gbóná, ni gbogbo ènìyàn ń rántí. Èmi kì í yára yọ̀ nígbà tí ilé ìwòsàn kan bá gba ínkúbétọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ̀rọ náà fẹ́ iná tí kì í lọ, ó fẹ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n tún ṣe, ó fẹ́ ẹ̀yà ara ẹ̀rọ tí a lè rí rà. Bí wọ́n kò bá pààrọ̀ omi inú rẹ̀, kòkòrò àrùn yóò fi ṣe ilé. Bí ọmọ bá sì pọ̀ ju ẹ̀rọ lọ, wọn á tẹ́ méjì tàbí mẹ́ta sínú ọ̀kan, àkóràn ọ̀kan yóò di ti gbogbo wọn.

Àìtó ínkúbétọ̀ yìí kan náà ló bí ìtọ́jú kangaroo. Ní Bogotá, ní orílẹ̀-èdè Kòlóńbíà, ní 1978, ni Dókítà Edgar Rey Sanabria bẹ̀rẹ̀ sí í so ọmọ tí oṣù wọn kò pé mọ́ àyà ìyá wọn. Ọ̀pọ̀ ka á sí ọ̀nà àbùjá fún ibi tí kò lówó, títí ìwádìí ńlá kan tí wọ́n ṣe ní Gánà, Íńdíà, Màláwì, Nàìjíríà àti Tàǹsáníà fi jáde ní 2021. Ọmọ tó wọ̀n kílò 1 sí 1.799 ni wọ́n wò. Nínú àwọn tí wọ́n gbé lé àyà ìyá láìpẹ́ lẹ́yìn ìbí, láìdúró kí ara wọn balẹ̀, ìdá 12.0 nínú 100 ló kú láàárín ọjọ́ 28. Nínú àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ fi sábẹ́ ìtọ́jú àtijọ́, ìdá 15.7. Ní 2022 Àjọ Ìlera Àgbáyé yí ìmọ̀ràn rẹ̀ padà: kí ó bẹ̀rẹ̀ ní kété tó bá ti ṣeé ṣe, kí ó sì jẹ́ wákàtí 8 sí 24 lójúmọ́.

Bí a ṣe ń ṣe é kò le, àmọ́ ó ní ètò. Ìledìí, fìlà àti ìbọ̀sẹ̀ nìkan ni ọmọ yóò wọ̀. A ó gbé e dúró láàárín ọmú méjèèjì, àyà mọ́ àyà, ẹsẹ̀ àti apá ní kíká bíi ti ọ̀pọ̀lọ́. Orí rẹ̀ yóò yí sí ẹ̀gbẹ́ kan, àgbọ̀n yóò gbé díẹ̀ kí ọ̀nà èémí má bàa di. Ọ̀já yóò dé abẹ́ etí rẹ̀, yóò le ní ọ̀gangan àyà, ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ fún ikùn, torí ikùn ni ìkókó fi ń mí. Bí ìyá bá ń sùn, kí ìrọ̀rí gbé òkè ara rẹ̀ sókè. Bàbá tàbí ìyá àgbà lè gbà á nígbà tí ìyá bá fẹ́ wẹ̀.

Ọmọ kì í sábà jẹ́ ìṣòro níbí. Ibùsùn ìyá ni. Wọ́ọ̀dù tó ní àga kan péré fún ìyá, tó sì ń lé e jáde nígbà tí dókítà bá ń yípo, kò lè ṣe wákàtí 8. Nínú ìwádìí tí mo sọ yìí, ìyá ní ibùsùn tirẹ̀ nínú wọ́ọ̀dù àwọn ọmọ tó ń ṣàìsàn gan-an, àwọn tó ń tọ́jú ọmọ àti àwọn tó ń tọ́jú ìyá sì pàdé níbẹ̀. Ẹni tó bá ra ọ̀já láìra ibùsùn ti ra ìdajì.

Ọmọ tó kéré bẹ́ẹ̀ kì í sábà lè mu ọmú fúnra rẹ̀, pàápàá bí oyún kò bá tíì pé ọ̀sẹ̀ 34, torí kò tíì mọ bí a ṣe ń pa fífà, gbígbé mì àti mímí pọ̀. Ìyá yóò fún ọmú jáde láti wákàtí díẹ̀ lẹ́yìn ìbí, ó kéré tán ìgbà 8 lójúmọ́, títí kan òru. Ẹ̀kán díẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ wá. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dà á nù. A óò fi rọ́bà tín-ín-rín gba imú tàbí ẹnu wọ inú ikùn, a ó sì jẹ́ kí omi ọmú sọ̀kalẹ̀ fúnra rẹ̀ láti inú sìríǹjì tí a gbé sókè, a kì í tì í.

Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ tó bá dín ní 2.6 lórí òṣùwọ̀n mmol/L fẹ́ ìtọ́jú lójú ẹsẹ̀. Fún ọmọ tí ara rẹ̀ kò yá, dextrose, ìyẹn omi ṣúgà, ìdá 10 nínú 100 ni a ń fún un, mililítà 2 fún kílò kan, gba inú iṣan. Lọ́pọ̀ ibi, ìdá 5 àti ìdá 50 nìkan ló wà ní ilé oògùn. Ẹ da mililítà 10 ti ìdá 50 pọ̀ mọ́ mililítà 80 ti ìdá 5, ìdá 10 ló máa fún yín. Kí wọ́n kọ ìṣirò yìí sára ògiri, torí ẹni tó fún ìkókó ní ìdá 50 láìlà á ti ba iṣan rẹ̀ jẹ́, ó sì lè ṣe ọpọlọ rẹ̀ léṣe.

Ọ́síjìn náà: oògùn ni, ó ní ìwọ̀n. Ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé, tó sì ń gba ọ́síjìn, kí òṣùwọ̀n ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wà láàárín 90 àti 95 nínú 100. Èyí tó bá ń wà ní 99 lójoojúmọ́ wà nínú ewu ìfọ́jú. Ẹ̀rọ tó ń fa ọ́síjìn jáde nínú atẹ́gùn ní aṣẹ́ lẹ́yìn tí eruku ń dí. Fífọ̀ ọ́ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ kò ná wa ju ọṣẹ àti omi lọ, síbẹ̀ ó wà lára ohun tí a kọ́kọ́ ń gbàgbé. Níbi tí wọ́n bá ti ń lo CPAP olómi, ẹ̀rọ tó ń ti atẹ́gùn gba imú kí ẹ̀dọ̀fóró ọmọ má bàa pa dé, tí páìpù ìmíjáde rì sínú omi ní sẹ̀ǹtímítà 5 tàbí 6, ìhó omi ni ẹ máa wò. Bí kò bá hó mọ́, atẹ́gùn ń jò níbì kan: rọ́bà ti yọ ní imú, ẹnu ọmọ là, tàbí ìsopọ̀ kan ti tú.

Àkóràn ò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Omi ẹ̀rọ, ọṣẹ, ọwọ́ tí a fọ̀ láàárín ọmọ kan àti èkejì. Ọmọ tí kò mu ọmú bíi tàná, tó ń mí tó ìgbà 60 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ìṣẹ́jú kan, tí àyà rẹ̀ ń jìn wọnú, tí ara rẹ̀ gbóná tàbí tutù jù, tó ní gìrì, tàbí tí kì í mira àfi bí a bá fọwọ́ kàn án, kí oògùn apakòkòrò ampicillin àti gentamicin bẹ̀rẹ̀ kí èsì àyẹ̀wò tó dé.

Kò sí wọ́ọ̀dù ọmọ tó dára tí ìyá ń kú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn ìbí ló ń pa ìyá jù, ìmúrasílẹ̀ kan náà ló sì ń gbà wọ́n. Ojú ènìyàn kì í mọ bí ẹ̀jẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Aṣọ àti bẹ́ẹ̀dì ti mu ú. Nínú ìwádìí E-MOTIVE tó jáde ní 2023, ní ilé ìwòsàn 80 ní Kẹ́ńyà, Nàìjíríà, Gúúsù Áfíríkà àti Tàǹsáníà, wọ́n tẹ́ ọ̀rá tó ní ìlà òṣùwọ̀n sábẹ́ ìyá. Bí ẹ̀jẹ̀ bá pé 500 mililítà, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà: fífi ọwọ́ ra ilé ọmọ, oògùn tó ń mú un sún kì, tranexamic acid tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tó dì tú, gíráàmù 1, omi inú iṣan, àti yíyẹ ojú ara wò bóyá ó ya. Wọn kò ṣe wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan kí wọ́n máa dúró wò bóyá èyí tó ṣáájú ṣiṣẹ́. Ẹ̀jẹ̀ ńlá, iṣẹ́ abẹ nítorí ẹ̀jẹ̀ àti ikú nítorí ẹ̀jẹ̀, tí wọ́n kà pọ̀, fi ìdá 60 nínú 100 dínkù. Níbi tí wọ́n ti ń fi ojú wọ̀n ọ́n, nǹkan bí ìdajì ìyá tó ń ṣẹ̀jẹ̀ jù ni wọ́n mọ̀ rárá. Oxytocin, oògùn tó ń mú ilé ọmọ sún kì, sì gbọ́dọ̀ wà ní fíríìjì, láàárín 2 àti 8 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Èyí tó ti pẹ́ nínú ooru kò yí àwọ̀ padà, kò sì ní òórùn; ẹ óò fún ìyá ní abẹ́rẹ́, ẹ̀jẹ̀ yóò sì máa lọ.

Ó ku ìwé àkọsílẹ̀. Ọmọ tí a bí lókùú tí awọ rẹ̀ ti ń bó ti kú tipẹ́ nínú oyún. Èyí tí awọ rẹ̀ ṣì dán, tí a gbọ́ ọkàn rẹ̀ nígbà tí ìyá wọlé, ọ̀rọ̀ ibẹ̀ yàtọ̀: ó kú nígbà ìrọbí, tàbí kò tilẹ̀ tíì kú nígbà tó jáde, tó kàn rọ̀ jọwọlọ láìmí, tí ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́ àyà rẹ̀. Nínú ìwádìí 2013 ti Tàǹsáníà yẹn, iye irú òkú ọmọ bẹ́ẹ̀ fi ìdá 24 nínú 100 dínkù nígbà tí wọ́n kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ láti fẹ́ atẹ́gùn sí ọmọ tí kò mí. Nítorí náà kí ìwé náà ní àyè fún aago tí a gbọ́ ọkàn ọmọ kẹ́yìn, aago tí a bí i, aago tí àǹbú kọ́kọ́ kàn án, àti bóyá àyà gbéra. Bí wákàtí mẹ́fà bá wà láàárín ìgbà tí a gbọ́ ọkàn kẹ́yìn àti ìbí, ìtọ́jú ìrọbí ni ká tún ṣe, torí ó yẹ ká máa gbọ́ ọ ní ìṣẹ́jú 15 sí 30, àti ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún nígbà tí ìyá bá ń ti ọmọ jáde. Bí ó bá jẹ́ pé àǹbú ló pẹ́, ẹ wo ibi tí wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ sí. Bí àyà kò bá gbéra, ìdánrawò ló ń fẹ́. Kí ẹni tó ń kọ ọ́ sì mọ̀ pé wọn kò ní í fi ìwé náà wá ẹni tí wọn yóò lé kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, láti oṣù tó ń bọ̀, gbogbo ọmọ tó bá kú ni wọn yóò kọ pé òkú ni a bí.